Eré Ojoojúmọ́ fún Gbogbo Ọmọ



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nínú ìwé wa yìí lè dàbí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ eré ni. Nígbà tí àwọn àgbà wa bá fẹ́ bá ẹni tí kò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí wí, wọn a ní eré ni ó ń ṣe. Bóyá nítorí èyí ni ó fi jẹ́ pé nínú gbogbo àkókò tí a kọ sínú ìwé àkókò iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tí ó rọrùn láti jí bí àkókò eré ìdárayá. Bí ìṣirò kò bá tíì parí, àkókò eré ni a ó fi parí rẹ̀. Bí ìdánwò bá ń bọ̀, àkókò eré ni a ó kọ́kọ́ pa rẹ́. Bí àlejò bá ń bọ̀ wá bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò, àkókò eré ni a ó fi gbá àgbàlá. Gbogbo wa tí a ti jáde lọ fi ẹ̀kọ́ kíkọ́ni dánra wò ni a ti fi ojú rí èyí, àwọn mìíràn nínú wa sì ti bá wọn lọ́wọ́ sí i. Èrò mi ni pé ohun tí a ń gbà lọ́wọ́ ọmọ nígbà náà ju ìgbádùn lọ: oúnjẹ ọkàn rẹ̀ ni.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ kan yéni. Èdè wa fi orúkọ kan náà pe ọkàn tí ń gbàgbọ́ tí ó sì ń ronú, àti ọkàn tí ó wà nínú àyà tí ń lù kìkì. Èkíní ni oníwàásù ń bójú tó. Èkejì ni èmi ń wí. Ẹran ni, ó tóbi tó ìkúùkù ẹni tí ó ni ín, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Ní ọdún 1628 ni William Harvey, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé tí ó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó ń yí ara ká, tí ọkàn ń tì í jáde tí ó sì ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkàn àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ń lù ní nǹkan bí ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó lé ní 100,000 láàárín ọ̀sán àti òru. Ti ọmọdé yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọkàn rẹ̀ kéré, ẹ̀jẹ̀ tí ó sì lè tì jáde lẹ́ẹ̀kan kò pọ̀.

Nígbà tí ọmọ bá ń sáré, ẹran itan rẹ̀ ń bèèrè afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ lọ́nà tí kò bèèrè rí nígbà tí ó jókòó. Ọkàn gbọ́dọ̀ dá a lóhùn: yóò lù kíákíá, yóò sì lù kíkankíkan. Bí irú ìbéèrè yìí bá ń wá lójoojúmọ́, ara a mọ̀ pé a ó tún bèèrè ní ọ̀la, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í múra sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú ara ń pọ̀ sí i. Yàrá ọkàn tí ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde ń gbòòrò díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìlù kan ṣoṣo ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín inú ẹran ara pẹ̀lú ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ náà bá sinmi, ọkàn rẹ̀ kò ní láti lù tó ti ìṣáájú. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò tí a fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ wò ó: bí ọkàn bá dín ìgbà 10 péré nínú ìlù rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 14,400 ni ó dín ní ọjọ́ kan. Ta ni nínú wa tí yóò ní òṣìṣẹ́ tí kì í sùn tọ̀sán-tòru, tí kò ní fẹ́ gba ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀?

Òótọ́ kan wà tí n kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Èrè tí ọmọ kékeré ń jẹ nínú ìdárayá, ní ti agbára tí ara fi ń lo afẹ́fẹ́, kò tó èyí tí àgbàlagbà ń jẹ. Ọmọdé kì í di ẹṣin nítorí pé ó sáré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún àwọn òbí, irọ́ ni ó pa. Ṣùgbọ́n èrè náà wà, ó ṣeé wọ̀n. Ní ara àwọn ọmọ tí ó sanra jù, ó tilẹ̀ hàn ketekete: ẹ̀jẹ̀ ríru wọn a rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn a sì túbọ̀ lè fẹ̀ nígbà tí ó bá yẹ kí wọ́n fẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, “Àrùn ọkàn ha jẹ́ àrùn ọmọdé bí? Bàbá àgbà ni ó ń gbé ọwọ́ lé àyà tí ó ń ṣubú, kì í ṣe ọmọ kíláàsì kejì.” Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìròyìn kan tí ó ba ọ̀pọ̀ oníṣègùn lẹ́rù ní ọdún 1953. Àwọn dókítà ọmọ-ogun Amẹ́ríkà yẹ ọkàn àwọn ọmọ-ogun 300 tí ó kú ní ogun Kòríà wò. Bí a bá pín ọjọ́-orí wọn dọ́gba, ọdún 22 ni. Síbẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nǹkan bí 77 ni àmì àrùn ti hàn nínú iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí a yàn fún ogun nítorí pé ara wọn le ni wọ̀nyí! Láti ọdún 1973 ni Dókítà Gerald Berenson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn ọmọ ìlú Bogalusa, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, lẹ́yìn láti ìgbà èwe wọn. Wọ́n rí i pé ọ̀rá ti ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ìgbà ọmọdé. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé ó pọ̀ jù lára àwọn tí ó sanra jù àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọ́n ń ru. Nítorí náà, àrùn tí ń pa bàbá àgbà, ó ṣeé ṣe kí ó ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bàbá àgbà wà lórí àga kíláàsì, tí ẹnìkan sì dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹfun ní ọwọ́. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò, ṣùgbọ́n àwa tísà ni a wà níbẹ̀ nígbà tí ìrókò kéré.

Ní ọdún 1953 kan náà ni Jerry Morris, oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ìròyìn àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ akérò alájà méjì. Awakọ̀ ń jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ẹni tí ń gba owó ọkọ̀ sì ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò ní gbogbo ọjọ́. Ìlú kan náà, ọkọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n àrùn ọkàn pọ̀ lára àwọn tí ó jókòó ju àwọn tí ń gun àtẹ̀gùn lọ. Àgbàlagbà ni wọ́n lóòótọ́, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá àgbà mu ni ó bá ọmọdé mu. Mo mẹ́nu kàn wọ́n nítorí pé kò sí ẹnìkan nínú àwọn agbowó-ọkọ̀ náà tí ó gba ife-ẹ̀yẹ rí nítorí àtẹ̀gùn gígùn. Iṣẹ́ ojoojúmọ́, tí kò ní ariwo, ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ojoojúmọ́ yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Ní ọdún 1966, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀mọ̀wé mú ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún, ẹni ogún ọdún, wọ́n sì ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí wọ́n dìde, agbára ọkàn wọn láti ṣiṣẹ́ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ìdárayá ni a fi dá a padà. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà ni a tún pe àwọn márààrún, a sì wọn agbára wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta orí ibùsùn ti gba agbára lọ́wọ́ wọn ju èyí tí ọgbọ̀n ọdún ogbó gbà lọ. Ara kì í tọ́jú èrè ìdárayá sínú àpótí. Bí a kò bá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, a dá ohun tí ó ti kó jọ padà. Kí wá ni a rò pé ìsáré ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún, ní ọjọ́ ìdíje ilé-sí-ilé, lè ṣe fún ọkàn ọmọ?

Nígbà tí mo bá sọ báyìí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ìdáhùn tí wọ́n kọ́kọ́ ń fún mi ni pé kò sí owó. Kò sí pápá, kò sí bọ́ọ̀lù, kò sí aṣọ eré, kò sí tísà tí ó kọ́ eré ìdárayá ní àkọ́yege. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ kan tí kò lo ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú òkèèrè ni ó wà. Orúkọ rẹ̀ ni St Ninian's, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Stirling, ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì. Ìyáàfin Elaine Wyllie ni ó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ ní ọdún 2012. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ a máa rẹ̀ kí eré ìdárayá tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ìwọ̀nba ìsáré tí a fi ń mú ara yá ni ó ti ń tán wọn lókun. Ní oṣù kejì ọdún 2012 ó bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ lè tì ènìyàn láti pè é ní ètò. Ní ojoojúmọ́, ní àkókò tí tísà kíláàsì bá rí i pé ó dára, kí àwọn ọmọ fi ìwé sílẹ̀, kí wọ́n jáde, kí wọ́n sì fi ìṣẹ́jú 15 sáré tàbí kí wọ́n rìn yí ilé-ẹ̀kọ́ ká, nínú aṣọ tí wọ́n wọ̀ wá. A kì í pààrọ̀ aṣọ, a kì í to ìlà, a kì í fọn fèrè ìdíje. Olúkúlùkù ń lọ ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹni tí ó bá rẹ̀, a rìn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yá, a sá. Láàárín ìṣẹ́jú 15, ọ̀pọ̀ wọn ń dé máìlì kan, nítorí náà ni a ṣe ń pe àṣà náà ní Máìlì Ojoojúmọ́. Lẹ́yìn náà wọn a padà sínú kíláàsì, wọn a mu omi, wọn a sì tún gbé ìwé.

Mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí obìnrin yìí yọ kúrò, nítorí pé níbẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Aṣọ pípààrọ̀ nìkan a máa jẹ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìlà títò a máa jẹ márùn-ún. Yíyan ẹgbẹ́ a máa jẹ àkókò, a sì tún máa dójú ti ọmọ tí a yàn kẹ́yìn. Ó gé gbogbo rẹ̀ kúrò, ó ku ìsáré. Àṣà náà ti tàn dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ púpọ̀.

Ǹjẹ́ ó ṣe ọkàn àti ara wọn ní àǹfààní? Ní ọdún 2018, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì tẹ ìwádìí kan jáde lórí ilé-ẹ̀kọ́ méjì, ọ̀kan tí ń sáré àti ọ̀kan tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ìsáré lílọ-bíbọ̀ oní-mítà 20 wọn agbára ìfaradà àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ tí ń sáré lójoojúmọ́ fi nǹkan bí mítà 39 tẹ̀ síwájú ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, ọ̀rá abẹ́ awọ wọn dín kù díẹ̀, àkókò tí wọ́n fi ń jókòó sì kéré sí i. Mítà 39 kò pọ̀; bí ìlọ kan àti àbọ̀ kan ni. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì péré ni, kì í ṣe ìbò ni a sì fi pín wọn, nítorí náà n kò ní fi í ṣe ìwàásù. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rí kan náà ti kọ́kọ́ wá láti ilẹ̀ Swítsáláǹdì, níbi tí a ti fi ìbò pín kíláàsì 28. A fún àwọn kan ní eré ìdárayá ní ojoojúmọ́ fún ọdún kan, àwọn ìyókù sì wà lórí ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n ń ṣe lọ́sẹ̀. Ìròyìn tí a tẹ̀ ní ọdún 2010 ni pé agbára ìfaradà àwọn ti ojoojúmọ́ pọ̀ ju ti àwọn ìyókù lọ, ọ̀rá ara wọn sì dín kù. Nígbà tí a tún wò wọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí ètò náà ti dáwọ́ dúró, agbára ìfaradà ṣì ṣẹ́ kù lára wọn, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ọ̀rá ara ti parẹ́. Ohun tí àwọn ará Dallas rí náà nìyẹn: a kò lè jẹ oúnjẹ èṣí kí ebi má pa wá lónìí.

Àwọn kan nínú wa yóò wí pé ti òyìnbó nìyẹn. Pé ọmọ tiwa kò mọ ìjókòó. Pé ó ń pọn omi, ó ń rìn lọ sí oko, ó ń gbé igbá kiri. Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ nínú, èmi kò sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọmọ tí ó ti rin máìlì méjì pẹ̀lú garawa omi ní orí kí agogo tó lù, ọkàn rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ Stirling lọ, bí tísà kò bá sì mọ èyí, yóò nà án nítorí pé ó ń tòògbé. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ìlú wa dáradára. Ọmọ tí ń gun ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí ó jókòó di ìrọ̀lẹ́, tí ó tún jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ àfikún, tí ó sì wá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n di ìgbà oorun, irú wọn ti di púpọ̀ ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí ó jẹ́ pé ilé gbígbé ni a sọ di kíláàsì, tí àgbàlá wọn kò tó ibi tí ọkọ̀ méjì lè dúró. Ní ayé àwọn bàbá wa, òṣùpá kì í là kí ìta má kún: ìjàkadì níhìn-ín, bojúbojú lọ́hùn-ún, ẹkùn mẹ́ran láàárín, tí àwọn ọmọbìnrin ń fò tẹ́ń-tẹ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọ tí ẹkùn ń lé nínú eré náà kò mọ̀ pé òun ń tọ́jú ọkàn òun. Àwa ni a gba ìta lọ́wọ́ wọn. Ó tọ́ kí a fi nǹkan rọ́pò rẹ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ìwọ̀n tí ó yẹ ní ọdún 2020: ọmọ ọdún 5 sí 17 níláti máa fi, ó kéré tán, 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́ ṣe ohun tí ń mú kí èémí yára, bí a bá pín in dọ́gba lórí ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Ó kéré tán, ní ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀, kí èyí tí ó gbóná gan-an wà nínú rẹ̀, àti èyí tí ń fún egungun àti ẹran ara ní okun. Ní ọdún tí ó ṣáájú èyí, 2019, àjọ kan náà ti ṣe ìṣirò àwọn ọmọ ọdún 11 sí 17 ní ilẹ̀ 146. Nínú ọgọ́rùn-ún, 81 ni kò dé ìwọ̀n tí a là sílẹ̀ nígbà náà. Ti ọmọkùnrin jẹ́ 78, ti ọmọbìnrin sì jẹ́ 85.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí 85 yìí. Ní oṣù keje ọdún 2022, nígbà tí Tobi Amusan, ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré fífo igi oní-mítà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní ìlú Eugene, tí kò sí obìnrin kan rí ní gbogbo ayé tí ó sá a tó bẹ́ẹ̀, kò sí ilé kan ní ilẹ̀ wa tí a kò ti yọ̀. Síbẹ̀ nínú àwọn ilé kan náà ni a ti ń wí fún ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá pé kí ó jókòó bí obìnrin, kí ó má ṣe máa fò kiri. Èmi kò wí pé kí gbogbo ọmọbìnrin di Amusan. Ohun tí mo ń wí ni pé ọkàn ọmọbìnrin kò mọ̀ pé obìnrin ni ẹni tí ó ni òun; ohun tí ó ń fẹ́ ni ohun tí ọkàn arákùnrin rẹ̀ ń fẹ́.

Èyí mú mi padà dé ọ̀dọ̀ ọjọ́ ìdíje wa, tí èmi pẹ̀lú fẹ́ràn, pẹ̀lú ìlù rẹ̀ àti àsíá aláwọ̀ mẹ́rin. Ó dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó ń sáré níbẹ̀? Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti yá tẹ́lẹ̀. Àwọn ìyókù, tí ó pọ̀ jù lọ, ni olùpàtẹ́wọ́. Ọmọ tí ó sanra, ọmọ tí ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, ọmọ tí ojú ń tì, àwọn tí ọkàn wọn nílò eré jù ni a fi sí abẹ́ ìbòòji láti máa pariwo. Kì í ṣe ọjọ́ ìdíje nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo eré tí a ń fi igi lé ara wa lọ́wọ́, tí ọ̀pọ̀ wa ń kọ sínú ìwé ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́ wa nítorí pé ó rọrùn láti darí. Ká ní ọmọ 40 wà ní kíláàsì, tí a tò wọ́n sí ìlà mẹ́rin, mẹ́wàá mẹ́wàá, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń sá fún ìṣẹ́jú-àáyá 20. Kí ó tó tún kàn án, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni yóò dúró. Nínú ààbọ̀ wákàtí, ìgbà mẹ́sàn-án ni yóò kàn án, gbogbo ìsáré rẹ̀ yóò sì jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣẹ́jú 27 ìyókù, ìdúró ni. Tísà yóò làágùn, fèrè yóò dún, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé eré ìdárayá wáyé.

Ohun kan tún wà tí mo kórìíra, n ó sì sọ ọ́ láìfi bò. Àwa tísà ni a máa ń fi eré ṣe ìyà. “Sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹwàá!” “Fò bí ọ̀pọ̀lọ́ títí dé ẹnu ọ̀nà!” Ọmọ tí a bá fi ìsáré jẹ níyà ní òwúrọ̀, a kò lè pè é ní ìrọ̀lẹ́ kí ó wá fi ìsáré ṣe ayọ̀. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ kórìíra ìwé, ìwé ni a ó fi máa nà án. Bí a bá sì fẹ́ kí ó kórìíra ohun tí ń tọ́jú ọkàn rẹ̀ títí ayé, a ti mọ ọ̀nà rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ wa yóò bèèrè nípa ewu, ó sì tọ́ kí wọ́n bèèrè. Ilẹ̀ wa ni a ti ń bí ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀lá-dìde jù lọ ní gbogbo ayé. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a ó tì sí igun kíláàsì títí láé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sáré dé ibi tí agbára rẹ̀ pin. Kí ó máa mu omi, kí ó sinmi nígbà tí ó bá fẹ́, kí òtútù má mú un, kí ọ̀rọ̀ dókítà rẹ̀ sì ṣáájú ọ̀rọ̀ tísà. Ọmọ oníkọ́ fée pẹ̀lú lè ṣeré, bí oògùn rẹ̀ bá wà nítòsí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá dákú nígbà tí ó ń sáré, tàbí tí ó wí pé àyà ń dun òun bí ó bá ti sáré, kí a má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ilé ìwòsàn ni kí a mú un lọ kí ó tó tún sáré. Ọ̀fun dídùn tí a kò tọ́jú lè di ibà tí ń ba àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn jẹ́, tísà sì lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò rí i pé ọmọ tí ó ń sáré dáradára ní sáà tí ó kọjá kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ní ti oòrùn, òwúrọ̀ ni kí a lò, kì í ṣe ọ̀sán gangan. Ní ti ebi, kí tísà wo ojú àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó tó fọn fèrè. Ẹni tí kò tíì jẹun, kí ó rìn.

Nísinsìnyí, ohun tí mo ń tọrọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà lábẹ́ wa níhìn-ín fún ìdánrawò, kí a bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà tí ń bọ̀, fún gbogbo kíláàsì, tọkùnrin tobìnrin, ní aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Nígbà tí òjò bá gba ìta, kí a lo tẹ́ń-tẹ́n àti okùn fífò lábẹ́ òrùlé. Ìwọ̀nba àyè tí ẹni méjì lè dúró sí ni tẹ́ń-tẹ́n ń fẹ́, ó sì ń mú èémí yára ju bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ṣe rò lọ. Mo rọ ẹni tí ó bá ṣiyèméjì nínú yín, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, pé kí ó fò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣẹ́jú 15 kì í ṣe 60. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan ni. Ṣùgbọ́n ìdá mẹ́rin tí ó dájú ní ojoojúmọ́ sàn ju odindi tí ó wà nínú ìwé àkókò iṣẹ́ tí kò sì ṣẹlẹ̀.

Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí ń dánra wò níbẹ̀ máa bá àwọn ọmọ sáré, kì í ṣe kí a dúró sí abẹ́ igi pẹ̀lú pàṣán. Lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí a fi ìsáré lílọ-bíbọ̀ oní-mítà 20 wò wọ́n, èyí tí Luc Léger, ọ̀mọ̀wé ará Montreal, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1982. Okùn tí a fi wọn mítà 20 àti fóònù kan tí yóò máa fọn ohùn tí ń yára sí i díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo ohun tí ó ń fẹ́. Kí a kọ iye tí ọmọ kọ̀ọ̀kan sá sí ẹ̀gbẹ́ iye tí òun fúnra rẹ̀ sá ní sáà tí ó kọjá, kí a má ṣe kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti ẹnikẹ́ni mìíràn, kí a má sì kà á sókè.

Olùkọ́ wa tí ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò bi mí pé níbo ni a ó ti yọ ìṣẹ́jú 15 yìí, nígbà tí ìwé àkókò iṣẹ́ ti kún dé etí. Mo ti wò ó. Láti ìgbà tí agogo òwúrọ̀ bá lù títí di ìgbà tí ọmọ ìkẹyìn bá wọ kíláàsì, a máa ń to àwọn ọmọ sórí ìlà, a máa ń tún ìlà náà tò, a máa ń wo èékánná, a sì máa ń dúró de àwọn tí ó pẹ́. Ní ọ̀pọ̀ òwúrọ̀, ó ń ju ìṣẹ́jú 20 lọ, àwọn ọmọ sì wà lórí ìdúró ní gbogbo rẹ̀. Kí a fi márùn-ún wo èékánná.